Ẹni Tí A Gbà Lẹ́nu Ikú Tí Kò Rí Oorun Sùn: Ọ̀ràn Oorun ní Iyàrá Ìtọ́jú Àkànṣe àti Lẹ́yìn Rẹ̀

ÌFÁÁRÀ



Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ni ènìyàn kọ́kọ́ ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ. Ọmọ a dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, a ní, "Ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jíire?" Àgbà náà a dáhùn, a sì tún bi í pé, "Ṣé dáadáa ni o sùn?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tí kò sùn ire kò lè jí ire, àti pé bí òru ènìyàn bá ti bàjẹ́, ọ̀sán rẹ̀ kò lè gún.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí a kì í sábà béèrè ìbéèrè yìí. Ibẹ̀ ni iyàrá ìtọ́jú àkànṣe ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ICU. Ohun tí a ń béèrè níbẹ̀ ni pé: ṣé ó ń mí? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti dá? Ṣé ìfúnpá rẹ̀ ti gòkè díẹ̀? Bí Ọlọ́run bá sì ṣe é tí aláìsàn náà padà wálé, ará àti ọ̀rẹ́ a rọ́ dé, wọn a ní, "Ẹ kú ewu." Lójú tiwọn, ewu ti kọjá. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa lónìí ni pé fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹni wọ̀nyí, ewu kò tíì kọjá tán, nítorí pé oorun tí ó sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ilé-ìwòsàn kò bá wọn padà wálé. Èrò mi ni pé oorun kì í ṣe ìgbádùn tí a lè fi du aláìsàn. Apá kan ìtọ́jú ni, gẹ́gẹ́ bí oògùn àti oúnjẹ ti jẹ́ apá kan ìtọ́jú.

Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Òrè. Oríta ni ìlú yìí. Ọ̀nà tí ó ti Ṣàgámù wá gba ibí kọjá lọ sí Benin. Ibí náà ni a ti ń yà sí ọ̀nà Oǹdó àti ti Òkìtìpupa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, agbègbè Òrè ni a ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra tí ó gba Benin kọjá wá dúró, tí "ìjà Òrè" fi di àpèjúwe fún ohunkóhun tí ó bá le koko. Láti ìgbà náà, ìjà mìíràn ni a ń jà lójú ọ̀nà yìí. Ọkọ̀ akẹ́rù, bọ́ọ̀sì elérò àti tàǹkà epo ń sáré tọ̀sán-tòru, kò sì sí ará Òrè tí kò tíì gbọ́ ìró ìjàǹbá rí. Ẹni tí ó bá fara pa yánnayànna, a lè gbé e lọ sí ibùdó ìtọ́jú àwọn tí ó fara pa ní ìlú Oǹdó, tí ó wà lábẹ́ ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, tàbí kí a gbé e dé Ilé-Ifẹ̀, Ìbàdàn tàbí Benin. Bí ó bá là á já, ọ̀dọ̀ wa ni yóò padà sí. Bí ó bá sì jẹ́ awakọ̀, ìdí ọkọ̀ ni yóò padà sí.

1. BÍ IYÀRÁ ÌTỌ́JÚ ÀKÀNṢE ṢE BẸ̀RẸ̀

Iyàrá yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ní ọdún 1952, àrùn rọpárọsẹ̀ jà ní ìlú Copenhagen, ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì. Àrùn náà sọ iṣan tí ènìyàn fi ń mí di aláìlágbára, tọmọdé tàgbà sì ń kú nítorí pé wọn kò lè mí mọ́. Oníṣègùn kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, Bjørn Ibsen ni orúkọ rẹ̀, dá ìmọ̀ràn pé kí a lu ihò sí ọ̀nà ọ̀fun àwọn aláìsàn náà, kí a sì máa fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ láti inú àpò sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wọn, tọ̀sán-tòru, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Iye ẹni tí ń kú dín kù lọ́nà ìyanu. Ní ìparí ọdún 1953, Ibsen ṣí iyàrá kan sílẹ̀ fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, níbi tí a ti ń ṣọ́ aláìsàn ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Inú èrò yẹn ni gbogbo iyàrá ìtọ́jú àkànṣe ayé ti jáde, títí kan àwọn tí ó wà ní ilẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe àkíyèsí ohun kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn ń pààrọ̀ ara wọn. Ẹni tí ó bá ṣe tirẹ̀ tán a lọ sinmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì òde òní: ẹni òru a fà á lé ẹni àárọ̀ lọ́wọ́. Aláìsàn nìkan ni kò ní ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣọ́ tí ó dá a sí náà ni kò jẹ́ kí ó sùn.

2. OORUN ÀTI ÀWỌN ÌPELE RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bí a bá ti sùn, ọpọlọ ti ṣíwọ́ iṣẹ́ nìyẹn títí di òwúrọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1953, ọdún kan náà tí Ibsen ṣí iyàrá rẹ̀, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ti Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà kéde ohun kan tí wọ́n rí. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ní àwọn àkókò kan lóru, ẹyinjú ẹni tí ó sùn a máa sáré síwá sẹ́yìn lábẹ́ ìpéǹpéjú. Bí a bá jí onítọ̀hún ní àkókò náà, yóò sábà sọ pé àlá ni òun ń lá.

Láti inú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ìpele oorun kò ju mẹ́rin lọ. Èkíní ni ìtòògbé, nígbà tí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kùn. Èkejì ni oorun fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta ni oorun àsùnwọra, tí ènìyàn fi ń sùn fọnfọn tí ariwo kékeré kò lè jí i. Ẹ̀kẹrin ni oorun àlá, tí ẹyinjú fi ń sáré. Ọpọlọ a máa gba inú àwọn ìpele wọ̀nyí kọjá ní nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú, yóò sì tún un ṣe ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lóru. Oorun àsùnwọra pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ òru, oorun àlá sì pọ̀ jù bí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́. Inú oorun àsùnwọra ni ara ti ń tú púpọ̀ nínú èròjà tí ń mú ẹran ara dàgbà tí ó sì ń tún un ṣe sínú ẹ̀jẹ̀. Oorun ni ọpọlọ sì fi ń to ohun tí ó kọ́ àti ohun tí ó rí jọ.

Yàtọ̀ sí èyí, ara ní aago tirẹ̀ tí ń sọ fún un ìgbà tí ó yẹ kí ó sùn àti ìgbà tí ó yẹ kí ó jí. Ìmọ́lẹ̀ ni a fi ń yí aago náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹṣẹ́ kékeré kan nínú orí a máa tú èròjà kan tí a ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, láti kéde fún gbogbo ara pé alẹ́ ti lẹ́. Aaron Lerner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ó ṣàwárí èròjà yìí ní 1958.

3. BÍ OORUN ṢE RÍ NÍ IYÀRÁ ÌTỌ́JÚ ÀKÀNṢE

Bí a bá ka iye wákàtí tí aláìsàn inú iyàrá yìí fi sùn láàárín ọjọ́ kan, ó lè tó méje tàbí mẹ́jọ, kí a sì rò pé kò sí ìyọnu. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí oorun náà ṣe rí, a ó rí i pé ó ti já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ó ń bọ́ sí ojú ọ̀sán. Ìtòògbé àti oorun fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Oorun àsùnwọra àti oorun àlá kéré jọjọ, nígbà mìíràn a kò tilẹ̀ rí wọn rárá. Ó dà bí ẹni tí a fún ní oúnjẹ ní ìgbà ogún lójúmọ́, ṣùgbọ́n tí a ń gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti fi òkèlè kan kan ẹnu.

Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004, a ka iye ìgbà tí òṣìṣẹ́ wá bá aláìsàn 50 lórí ibùsùn fún òru 147. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ ìgbà 42.6 ní òru kan ṣoṣo: láti wọn ìfúnpá, láti fa ẹ̀jẹ̀, láti fún un lóògùn, láti yí i padà. Òru 9 péré nínú 147 ni aláìsàn fi ní wákàtí méjì sí mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò dí i lọ́wọ́. Ó ju ìdajì lọ nínú ìwẹ̀ tí a ń wẹ̀ fún wọn lójoojúmọ́ tí ó bọ́ sí àárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́fà ìdájí. A kò lè sọ pé ìkà ni ó mú kí a wẹ aláìsàn ní òru. Bí a ti pín iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ òru ni, kò sì sí ẹni tí ó rántí fi oorun sínú ìṣirò náà.

4. OHUN TÍ Ó Ń DÍ OORUN LỌ́WỌ́

Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá pé kí ni kò jẹ́ kí aláìsàn sùn, mẹ́sàn-án yóò ní ariwo ni. Òtítọ́ ni pé ariwo ń bẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní 1999 pé kí ariwo inú wọ́ọ̀dù lóru má ju 30 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ, èyí tí kò ju ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ. Iyàrá ìtọ́jú àkànṣe a máa kọjá 50 dáadáa, aago ìkìlọ̀ ara ẹ̀rọ sì lè mú un fò sókè ju 80 lọ. Ní ilẹ̀ wa, bí iná bá lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ a tún dà mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fetí sí ohun tí ìwádìí sọ. Ní 2001, a tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí a so aláìsàn 22 mọ́ ẹ̀rọ tí ń ka ìṣesí ọpọlọ, tí a sì ń wọn ariwo inú iyàrá ní àsìkò kan náà. Nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n jí, ariwo ni ó fa nǹkan bí 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2003, ìwádìí mìíràn láti ilẹ̀ Kánádà fi hàn pé bí a bá pa ariwo àti ìdílọ́wọ́ òṣìṣẹ́ pọ̀, wọn kò tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbo ni ìyókù ti wá?

Lọ́nà kìíní, àìsàn náà fúnra rẹ̀. Àkóràn tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ń da ọpọlọ láàmú, ó sì lè ba aago inú ara jẹ́ débi pé melatonin kò ní dìde ní alẹ́ mọ́. Ẹni tí ó forí gbá nínú ìjàǹbá ọkọ̀, inú ọpọlọ tí í máa ń pàṣẹ oorun gan-an ni ọgbẹ́ wà.

Lọ́nà kejì, ìrora. Egungun tí ó ṣẹ́ àti ojú abẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ìhà tí yóò fi lélẹ̀.

Lọ́nà kẹta, ẹ̀rọ tí ń bá aláìsàn mí. Bí aláìsàn bá fẹ́ mí sínú nígbà tí ẹ̀rọ fẹ́ kí ó mí síta, ìjà a dé, oorun a sì dà.

Lọ́nà kẹrin, ìmọ́lẹ̀. Iná mọ́lẹ̀ rekete lóru, fèrèsé sì wà ní títì lọ́sàn-án, títí aago inú ara kò fi mọ ìgbà mọ́.

Lọ́nà karùn-ún, èyí tí ó máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu jù, oògùn akunnilóorun. Òwe wa sọ pé ẹni tí ó sùn ni à ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ẹni tí a fi oògùn kùn lóorun jẹ́ ẹ̀yà kẹta tí òwe náà kò mẹ́nu bà: kò sùn, kò sì pirọrọ. Ojú rẹ̀ pa dé, ara rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò gba inú àwọn ìpele tí mo kà sílẹ̀ kọjá bí ó ti yẹ. Àwọn oògùn bíi midazolam a máa dín oorun àsùnwọra àti oorun àlá kù. Nítorí náà, mọ̀lẹ́bí tí ó yọjú wo aláìsàn tí ó sì padà sọ fún ará ilé pé, "Ó ń sùn, ó ń sinmi," ojú ni ó fi rí i, kò rí inú.

5. ÀLÁ, ÌDÀRÚDÀPỌ̀ ỌKÀN ÀTI Ọ̀RỌ̀ AYÉ

Mo wá dé ibi tí ọ̀ràn yìí ti kan àṣà wa. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti iyàrá yìí jáde a máa sọ ìtàn tí ń da jìnnìjìnnì bo ará ilé. Ọ̀kan a ní, "Wọ́n dè mí mọ́ igi." Èkejì a ní, "Wọ́n ń ti nǹkan bọ̀ mí lọ́fun, mo fẹ́ ké, ohùn mi kò jáde." Òmíràn a ní wọ́n rì òun sínú omi, àwọn ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀ lórí òun bí ẹni pé òun ti kú. Ará ilé a wojú ara wọn. Ẹnìkan a ní, "Ayé ni ó ń bá a jà, ẹ kò tètè mọ̀."

N kò wá síbí láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ó gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an lórí ibùsùn náà. Nígbà mìíràn a máa ń fi aṣọ di ọwọ́ aláìsàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kí ó má baà fa rọ́bà tí ó fi ń mí yọ. Rọ́bà náà wà ní ọ̀fun rẹ̀ lóòótọ́, ó sì gba àárín tán-án-ná kọjá, nítorí náà kò lè sọ̀rọ̀. A ń fi ẹ̀rọ fa itọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, èyí tí í fún un bí ẹni tí ń rì sómi. Àwọn òṣìṣẹ́ sì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ọpọlọ tí kò rí oorun sùn, tí ibà àti oògùn sì ti dà rú, mú àwọn nǹkan tòótọ́ wọ̀nyí, ó fi wọ́n hun ìtàn. Aláìsàn náà kò purọ́. Ohun tí ó ṣe é ni ó ń sọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó dàrú.

Àwọn oníṣègùn mọ ìdàrúdàpọ̀ ọkàn yìí bí ẹni mọ owó. Nínú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, ó lè mú ẹni 8 nínú 10. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ìtìjú. Àìsùn a máa bá a rìn: bí oorun bá já, ọkàn a dàrú, bí ọkàn bá dàrú, oorun a tún já sí i.

6. LẸ́YÌN TÍ A BÁ PADÀ SÍLÉ

Ní 2010, àwọn onímọ̀ ìtọ́jú àkànṣe péjọ ní Amẹ́ríkà láti fún àpapọ̀ ìyọnu tí ń dojú kọ àwọn tí ó là á já ní orúkọ: àìlágbára ara, ìgbàgbé, ìbẹ̀rù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìyọnu oorun wọ inú gbogbo wọn. Ní 2017, a tẹ àkójọpọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí lórí ọ̀ràn náà jáde. Ó fi hàn pé láàárín oṣù kìíní, ẹni 50 sí 67 nínú ọgọ́rùn-ún ni oorun wọn kò gún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwádìí kan rí ẹni 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òmíràn sì rí ẹni 61. Oorun a máa sàn fún ọ̀pọ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo wọn.

Ẹ fojú inú wo awakọ̀ kan tí irú rẹ̀ pọ̀ ní gáréèjì wa. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní iyàrá ìtọ́jú àkànṣe. Ó padà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jinná. Ṣùgbọ́n bí ó bá sùn, àlá ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú a jí i ní aago méjì òru, kò sì ní lè pa ojú dé mọ́. Owó ilé-ìwòsàn ti jẹ ilẹ̀ tí ó yẹ kí ó tà àti èyí tí kò yẹ kí ó tà. Ebi kò sì mọ̀ pé ènìyàn ń ṣòjòjò. Ó padà sí ìdí ọkọ̀. Ó ń jẹ obì kí ojú rẹ̀ lè là lójú ọ̀nà, obì náà kò sì jẹ́ kí ó sùn bí ó bá délé. Ní alẹ́, ó ń mu ògógóró tàbí oògùn tí ó rà ní kẹ́místì kí ó lè sùn.

Ní 1997, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Ọsirélíà fi hàn pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ a lọ́ra bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún; bí ó bá pé wákàtí 24, ó dà bíi 0.10. A kì í fún ọ̀mùtí ní ọkọ̀ elérò wà. Ẹni tí kò sùn, a kò fura sí i, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kò rùn. Báyìí ni oorun tí a kò fiyè sí lórí ibùsùn ilé-ìwòsàn ṣe lè padà wá di ìjàǹbá mìíràn lójú ọ̀nà Òrè, tí ẹlòmíràn yóò sì tún di èrò iyàrá kan náà.

7. OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ÌKÁWỌ́ WA

Ẹ̀rọ olówó ńlá kọ́ ni púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ètò ni.

Ní ilé-ìwòsàn, a lè kó iṣẹ́ òru jọ kí a ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí aláìsàn tí ara rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀ lè ní wákàtí mélòó kan tí a kò ní fọwọ́ kàn án. A lè dín iná kù ní alẹ́, kí a ṣí fèrèsé ní òwúrọ̀. A lè wẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sán. A gbọ́dọ̀ tọ́jú ìrora rẹ̀. Ní ìlú Antwerp ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù, ìwádìí kan tí ó jáde ní 2012 fún àwọn kan nínú aláìsàn 136 ní ohun tí a fi ń dí etí lóru. Ìdàrúdàpọ̀ ọkàn dín kù láàárín wọn. Ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ yí ètò òru wọn padà, wọ́n sì sọ àbájáde rẹ̀ ní 2013: àwọn aláìsàn fúnra wọn kò sọ pé oorun àwọn dára sí i lọ títí, síbẹ̀ ìdàrúdàpọ̀ ọkàn dín kù. Ní 2018, ìlànà ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé dámọ̀ràn pé kí gbogbo iyàrá ìtọ́jú àkànṣe ní ètò oorun.

Ẹnìkan lè ní, "Èyí wà fún Òyìnbó, tiwa le jù bẹ́ẹ̀." Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí á rántí àrùn ipá, èyí tí a ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ariwo kékeré tàbí ìmọ́lẹ̀ òjijì lè mú kí ara aláìsàn náà le gbandi. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń tọ́jú rẹ̀ ní iyàrá tí ó ṣókùnkùn, tí ó sì dákẹ́. A ti mọ bí a ti ń dákẹ́ fún aláìsàn. Ohun tí ó kù ni pé kí a gbà pé kì í ṣe elérùn ipá nìkan ni ìdákẹ́jẹ́ wà fún.

Ní ti mọ̀lẹ́bí, a ní àpẹẹrẹ kan tí kò jìnnà sí wa. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, nínú èyí tí àwọn tí ọkàn wọn kò pé ń gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, tí mọ̀lẹ́bí kan sì ń bá olúkúlùkù wọn gbé. Gbogbo ayé ni ó wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé Lambo gbà pé ohùn ẹni tí a mọ̀ jẹ́ ìtọ́jú. Lónìí, mọ̀lẹ́bí ẹni tí ó wà ní iyàrá ìtọ́jú àkànṣe sábà ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí ẹní, tí a kàn ń pè é láti wá ra oògùn. Bí a bá lè jẹ́ kí ó wọlé lọ́sàn-án, kí ó pe aláìsàn ní oríkì rẹ̀, kí ó sọ ọjọ́ tí òní í ṣe àti ibi tí wọ́n wà fún un, ọpọlọ tí ó ṣìnà a rí ohun dì mú.

Mọ̀lẹ́bí tí ó mọ̀ ọ́n kọ lè ní ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ sínú rẹ̀: "Lónìí a yọ rọ́bà. Lónìí ìyá rẹ wá." Ìwádìí kan láàárín aláìsàn 352 ní ilẹ̀ Yúróòpù ní 2010 fi hàn pé láàárín àwọn tí ó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìpayà tí kì í lọ bọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, nígbà tí ó jẹ́ 13 láàárín àwọn tí kò gbà á. Ìwádìí ńlá mìíràn ní ilẹ̀ Faransé ní 2019 kò rí ìyàtọ̀ tí ó ṣe é tẹnu mọ́, nítorí náà a kò gbọdọ̀ pè é ní oògùn ajẹ́bíidán. Ṣùgbọ́n ó ń dáhùn ìbéèrè kan tí ẹni tí ó bá sọ ọjọ́ ayé rẹ̀ nù máa ń béèrè: níbo ni mo wà?

Ní ti ẹni tí ó ti padà sílé, ẹ jẹ́ kí ó máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, bí ó ti wù kí òru rí. Kí ó máa jókòó sí ìta ní òwúrọ̀ kí oòrùn tàn sí i lójú. Kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí ara rẹ̀ bá ti gbà á mọ. Kí ó má ṣe dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ bí oorun kò bá wá. Kí ó dìde, kí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ó padà nígbà tí ojú bá ń kùn ún. Kí ó yẹra fún obì àti kọfí láti ọ̀sán lọ, àti ọtí ní alẹ́. Valium àti Lexotan tí a ń rà láìgba àṣẹ dókítà kò lè wo àìróorunsùn sàn. Wọ́n lè di bárakú. Ìtọ́jú tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà kọ́kọ́ dámọ̀ràn ní 2016 fún àìróorunsùn tí ó pẹ́ kì í ṣe oògùn rárá, bí kò ṣe kí a kọ́ ènìyàn láti yí ìṣe àti èrò rẹ̀ nípa oorun padà, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe àlàyé díẹ̀ nínú rẹ̀ yìí.

Bí àlá ìjàǹbá bá ń padà wá lẹ́yìn oṣù kan, bí ó bá ń hanrun tí èémí rẹ̀ sì ń dúró lójú oorun, tàbí bí ó bá ń sọ pé ó sàn kí òun ti kú, ẹ mú un padà lọ bá dókítà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó má ṣe wakọ̀ títí oorun rẹ̀ yóò fi gún. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ òun nìkan. Ẹgbẹ́ awakọ̀ tí ó bá fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn nínú gáréèjì fún oṣù méjì ti gba ẹ̀mí là ju bí a ti lè kà á lọ.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé oorun tí ó já ní iyàrá ìtọ́jú àkànṣe ní ìdí tí a lè tọ́ka sí; pé ariwo nìkan kọ́; pé ẹni tí oògùn kùn kò sùn; pé àlá ẹlẹ́rù tí aláìsàn ń sọ ní gbòǹgbò nínú ohun tí ó ṣe é lórí ibùsùn; àti pé bí a bá fi ọ̀ràn náà sílẹ̀, ó ń bá a dé ilé, ó sì lè bá a dé ojú ọ̀nà.

Àwọn tí ń gba ènìyàn lẹ́nu ikú ń ṣe iṣẹ́ ńlá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí a mú ìbéèrè àwọn baba wa wọ inú iyàrá náà, kí a sì tún bá aláìsàn mú un padà wálé. Nígbà tí ẹ bá tún lọ kí ẹni tí ó ti ilé-ìwòsàn dé, ẹ kí i kú ewu bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀: "Ṣé dáadáa ni o ń sùn?"

 Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo wa máa sùn ire, kí á máa jí ire.